'Rárá' náà jẹ́ èsì: Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mò ń wá iṣẹ́ ní Kumasi

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé ní Ayigya, nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, ló bá àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ẹ̀kọ́ wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò dárúkọ iléeṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àwa náà kò sì dárúkọ rẹ̀.

 

Wọ́n ní kí n wá sọ bí èèyàn ṣe ń wá iṣẹ́ tó fi ń rí i. Mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí. Àmọ́ mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń kọ CV, mi ò sì ní sọ irú bàtà tó yẹ kí ẹ wọ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó níléèwé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í ṣe alágbe. Ó ní ohun tó gbé wá sọ́jà. Bí wọn ò bá sì rà á, ohun kan ṣì wà tó yẹ kí wọ́n fún un. Ohun náà ni èsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tèmi.

Àpótí kan nínú fọ́ọ̀mù

Ẹ mọ̀ pé Ayigya àti KNUST kò jìnnà síra wọn. Láti ilé wa ní Zongo, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí kíláàsì fún ọdún 4. Ẹ̀kọ́ nípa òwò ni mo kọ́. Nígbà tí mo ṣe National Service mi tán, mo padà sílé, mò ń bá ìyá mi ta ata àti èlùbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Iléeṣẹ́ kan tó ń pín ọjà fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Kumasi ń wá òṣìṣẹ́ 2. Mo gba fọ́ọ̀mù wọn. Mo kọ orúkọ mi, ọjọ́ orí mi àti ìwé ẹ̀rí mi. Mo wá dé ibi àpótí kan tí àwọn fọ́ọ̀mù Ghana sábà máa ń ní: 'Hometown'. Ìyẹn ni pé, ìlú wo ni àwọn bàbá ńlá rẹ ti wá?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ghana ni ìyá ìyá mi, Ghana Card mi sì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti wá. Ó wà lára àwọn tó di ẹrù wọn nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni bàbá mi tó padà wá sí ìlú yìí. Torí náà, tí fọ́ọ̀mù bá ti bi mí ní ìlú mi, ọwọ́ mi máa ń dúró díẹ̀.

Mo kọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èèyàn 3 ló jókòó síwájú mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò jẹ mọ́ iṣẹ́ rárá. Wọ́n ní ibo ni wọ́n ń pè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ọmọ Nàìjíríà ni mí ni? Mo ní ọmọ Ghana ni mí, Yorùbá sì ni mí. Ọ̀kan nínú wọn kọ nǹkan sínú ìwé. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó kọ.

Iṣẹ́ ọjọ́ 3 tí kò lówó

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa, ó wá ku ìdánwò kan. Wọ́n ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù 40 ní Ayigya, Bomso àti Ayeduase. Kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kí n kọ ohun tó ń tà, iye tó ń tà á, ẹni tó ń gbé ọjà wá fún un àti ọjọ́ tí onítọ̀hún máa ń wá. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ 3.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo yá 60 cedi nínú owó ọjà ìyá mi, mo fi wọ trotro, mo fi ra omi mu. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan lé mi, wọ́n rò pé agbowó-orí ni mí. Àwọn mìíràn gbé àga fún mi. Òru ọjọ́ kẹta ni mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi. Ojú ìwé 9 ni.

Ọ̀gá tó gba ìwé náà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ní Kumasi: "Yɛbɛfrɛ wo." A máa pè ẹ́.

Inú mi dùn débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Tech Junction délé.

Ọ̀sẹ̀ 11

Wọn ò pè mí.

Lọ́sẹ̀ kìíní, mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, tí mo bá ń lọ wẹ̀, mo máa ń gbé fóònù mi dání. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo kọ í-meèlì sí wọn, wọn ò fèsì. Mo pè wọ́n, akọ̀wé ní kí n ní sùúrù.

Lásìkò yẹn gan-an ni iléèwé aládàáni kan ní Ayeduase ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ owó ni. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ 2, torí mò ń retí ìpè. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti mú ẹlòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìdákẹ́jẹ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ná mi ní iṣẹ́ kan. Ká ní wọ́n sọ fún mi lọ́sẹ̀ kìíní pé "rárá, a ti mú ẹlòmíràn", màá sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ilẹ̀ bá mọ́, màá gba ti iléèwé yẹn. Ẹni tí wọ́n sọ pé "rárá" fún lè lọ síbòmíràn. Ẹni tí wọn ò sọ nǹkan kan fún, ojú kan náà ló máa dúró sí.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 11, mo wọ aṣọ mi, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mi ò kọjá géètì. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti gba èèyàn tipẹ́." Ẹ ò rí i? Gbogbo ọ̀gá tó wà nínú ilé yẹn, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló fún mi ní èsì. Ọlọ́run á bù kún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọjá lọ ní Bomso, ìyá kan tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí tìbínú-tìbínú. Ó ní páálí 2 lòun sanwó fún, ọ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ wa gbé wá. Mo ní, "Màámì, ọkọ̀ ta ni?" Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo wá kọ orúkọ wa sílẹ̀?" Ọkọ̀ iléeṣẹ́ yẹn ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mi ò lè búra pé ìwé mi ni wọ́n lò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ mo dúró níwájú ìyá yẹn, mò ń tọrọ àforíjì lórúkọ iléeṣẹ́ tí kò gbà mí síṣẹ́.

'Ìwọ ti kọ́ṣẹ́ tán'

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí ara mi ti rẹ̀ tán, ọkùnrin kan pè mí. Ó ní wọ́n rí CV mi, wọ́n sì ti gbà mí síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Tema. Kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kí n ṣáà fi 350 cedi ránṣẹ́ lórí MoMo fún àyẹ̀wò ara àti aṣọ iṣẹ́, kó tó di aago 4.

Mo lọ bá ìyá mi pé kó yá mi lówó. Kò pariwo. Ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà. Ó ní, "Nígbà tí àbúrò rẹ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, ṣé a sanwó fún ọ̀gá rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Kí la sanwó náà fún?" Mo ní torí kó lè mọ iṣẹ́. Ó ní, "Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń sanwó. Ìwọ ti kọ́ṣẹ́ tán. Ta ló wá yẹ kó sanwó fún ta?"

Mo pe ọkùnrin náà padà. Mo ní kó yọ owó náà nínú owó oṣù mi àkọ́kọ́. Ó já fóònù mọ́ mi létí. Nígbà tí mo tún pe nọ́ńbà yẹn, kò lọ mọ́.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ bá di ọjà

Ẹ lè ní olè nìyẹn, kò kan àwọn iléeṣẹ́ gidi. Àmọ́ ẹ gbé ìbéèrè ìyá mi yẹn, kí ẹ fi wo ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pàápàá ti ṣe.

Ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014, àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Àyè iṣẹ́ tó wà kò tó 5,000. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san 1,000 náírà. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn lẹ́nu géètì, ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú ní Abuja, Port Harcourt, Minna àti Benin. Àwọn aláboyún wà lára àwọn tó kú. Wọ́n fagi lé ìgbanisíṣẹ́ náà. Lọ́dún 2016, àjọ EFCC gbé mínísítà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà àtàwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ lórí owó fọ́ọ̀mù náà, tó lé ní 670 mílíọ̀nù náírà. Mínísítà náà ní òun kò jẹ̀bi.

Ní Ghana níbí, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ìròyìn jáde pé àwọn tó lé ní 84,000 ló ra fọ́ọ̀mù àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de, nígbà tí àyè iṣẹ́ tó wà jẹ́ nǹkan bí 500. 50 cedi ni fọ́ọ̀mù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é: owó náà lé ní mílíọ̀nù 4 cedi, ẹni 168 ló sì ń du àyè kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, àwọn ọ̀dọ́ lọ tò sí pápá ìṣeré El-Wak ní Accra láti wọṣẹ́ ológun. Èrò ya wọlé, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Èèyàn 6 kú. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n. Ìwé ẹ̀rí wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ló fà á tí irú nǹkan báyìí fi ń ṣẹlẹ̀? Àìríṣẹ́ pọ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun kan tún wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù, agbanisíṣẹ́ kò ní fẹ́ èrò tó pọ̀ jù, torí wàhálà ni wọ́n máa jẹ́ fún un. Ó máa sọ ohun tó ń wá gan-an, kí ẹni tí kò bá yẹ má bàa wá. Tó bá wá ń ta fọ́ọ̀mù, bí èrò ṣe ń pọ̀ ni owó ń pọ̀. Kò sí ìdí tó fi máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má wá. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ti di oníbàárà, ìrètí ló sì ń rà.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n rán mi náà jọ ọ́. Tí iléeṣẹ́ bá lè rí ojú ìwé 9 gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní gbà síṣẹ́, kí ló máa mú kó yára yan ẹnì kan?

Ohun tí òfin sọ

Ẹ má ṣe rò pé òfin kò mọ̀ wá. Òfin Òṣìṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003, tí wọ́n ń pè ní Act 651, ní abala kẹrìnlá, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú sí òṣìṣẹ́ tàbí sí ẹni tó ń wá iṣẹ́ nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, àìlera ara rẹ̀ tàbí òṣèlú. Ẹ gbọ́ dáadáa: ẹni tó ń wá iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí nípa Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn mi ì bá má gbọ̀n.

Òfin yẹn kan náà ló ní kí iléeṣẹ́ aládàáni tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́ gba ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ náà kí ẹ tó fún wọn ní ohunkóhun. Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, sì ti fi sínú àdéhùn rẹ̀ nọ́ńbà 181, ti ọdún 1997, pé kí irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má ṣe gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àyàfi níwọ̀nba ibi tí ìjọba bá fọwọ́ sí i fún ire òṣìṣẹ́.

Òfin ààbò ìsọfúnni Ghana ti ọdún 2012 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí iléeṣẹ́ kan kó pamọ́ nípa yín. CV yín, nọ́ńbà Ghana Card yín, ohun yín ni.

Lẹ́tà ìlà 4

Ẹ lè máa ro ó pé báwo ni mo ṣe wá ríṣẹ́. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kékeré kan ní Adum. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo lọ rí wọn, í-meèlì wọn dé. Ìlà 4 péré ni. Wọ́n dúpẹ́ pé mo wá. Wọ́n ní àwọn mú ẹlòmíràn, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò owó iléeṣẹ́, èmi ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní tí mo bá kọ́ ọ, kí n tún kọ̀wé wá.

Mo ka í-meèlì yẹn fún ìyá mi. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé."

Mo lọ kọ́ ọ fún oṣù 3. Mi ò sí ní iléeṣẹ́ Adum yẹn lónìí, torí àyè kò ṣí níbẹ̀ mọ́. Ibòmíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ pé mi ò mọ̀ yẹn náà ni mò ń ṣe jẹun báyìí. "Rárá" wọn ló gbé mi débí. Ti àkọ́kọ́ tó ní òun máa pè mí, kò gbé mi débì kankan.

Kí n tó jókòó

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má sanwó kí ẹ tó ríṣẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ìdánwò, ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù 40, ẹ ṣe 5, ó ti tó kí wọ́n fi mọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó kúrò níwájú wọn, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni mo máa gbọ́ èsì?" Tí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ má ṣe tìtorí ìpè tí kò dé fi iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, bí mo ti ṣe.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù àti iléeṣẹ́, mo mọ̀ pé agbanisíṣẹ́ wà nínú yín. Mi ò ní kí ẹ gba gbogbo wa, kò ṣeé ṣe. Àmọ́ ọmọ ẹlòmíràn wà níbì kan tó ń gbé fóònù lọ síbi tó ti ń wẹ̀. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ "rárá" ni, ẹ sọ fún un.